Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ilé-iṣẹ́ Microsoft lórí Àwọn Géèmù Àtijọ́ Tí Kò Ṣiṣẹ́ Mọ́ Lórí Windows Tuntun

Sí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ Microsoft,
Redmond, ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, mo sì wà lára àwọn tí ènìyàn máa ń gbé CD géèmù àtijọ́ wá bá, tí wọn á ní kí a bá àwọn wá ọ̀nà tí yóò fi ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Ọ̀rọ̀ náà ti di kánjúkánjú láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ọjọ́ tí ẹ dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró. Windows 10 ló kẹ́yìn nínú àwọn tó ní ẹ̀dà oníbíìtì 32 (iye bíìtì ni a fi ń sọ bí ìwífún tí kọ̀ǹpútà lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣe pọ̀ tó). Windows 11 tí ẹ ní kí gbogbo wa kó lọ sí kò ní irú rẹ̀, oníbíìtì 64 nìkan ni, èyí tó túmọ̀ sí pé ètò èyíkéyìí tí a kọ ní bíìtì 16, láti ayé DOS, tí kọ̀ǹpútà ń lò kí Windows tó gbilẹ̀, títí dé ayé Windows 3.1, kò lè ṣiṣẹ́ tààrà mọ́ lórí Windows tí ẹ ń tà fún wa lónìí.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín nínú lẹ́tà yìí: kí ẹ gbé kóòdù àwọn géèmù àtijọ́ tí ẹ kò tà mọ́ síta, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀, lè tún wọn ṣe fún àwọn ẹ̀rọ òde òní. Kóòdù tí mo ń sọ ni àkọsílẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ yín fi ọwọ́ tẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó yí i padà di fáìlì tí a ń tẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ eré. N kò ní kí ẹ fi àwòrán inú géèmù, orin inú rẹ̀ tàbí orúkọ rẹ̀ tọrẹ. Èmi yóò ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn bí mo bá dé ibẹ̀, nítorí pé orí ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀bẹ̀ mi dúró lé.

Ẹni tó bá mọ inú rò, á mọ ọpẹ́ dá. Kò sí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó gbìyànjú tó yín kí ètò àtijọ́ má baà kú lọ́wọ́ ẹ̀rọ tuntun. Joel Spolsky, tó ti ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín rí, ti sọ ìtàn SimCity, géèmù tí a fi ń kọ́ ìlú, fún aráyé. Nígbà tí ẹ ń múra Windows 95 sílẹ̀, ẹ rí i pé SimCity, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí Windows tó ṣáájú, kò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiyín: géèmù náà a máa dá ààyè ìrántí tó ti lò padà fún ẹ̀rọ, a sì tún padà lọ ka ohun tó fi síbẹ̀. Lórí Windows àtijọ́, ohun náà ṣì máa ń wà níbẹ̀ láìfarapa, ṣùgbọ́n Windows 95 a ti yára fi nǹkan mìíràn sí ààyè náà. Dípò kí ẹ ní kí àwọn tó kọ géèmù náà lọ tún iṣẹ́ wọn ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú Windows fúnra rẹ̀ pé bí SimCity bá ti ń ṣiṣẹ́, kí ó má tètè gba ààyè náà padà. Oníbàárà tó ra SimCity kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí. Ohun tó mọ̀ ni pé géèmù òun ń ṣiṣẹ́. Irú inú rere yẹn ló fún mi ní ìgboyà láti kọ̀wé sí yín.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo géèmù àtijọ́ ló ń dà wá láàmú. Ti DOS ti rọrùn. Láti ọdún 2002 ni a ti ní DOSBox, tí àwọn olùyọ̀ǹda kọ, tó ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, pẹ̀lú prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), káàdì ohùn Sound Blaster rẹ̀, àti ojú rẹ̀ aláwọ̀ díẹ̀. Bí géèmù kan bá ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé iye ìgbà tí prọ́sẹ́sọ̀ yí po ni ó fi ń ka àkókò, a lè sọ fún DOSBox pé kí ó rọra. Ẹni tó bá ní fáìlì géèmù DOS rẹ̀ lọ́wọ́ kò ní jókòó pẹ́ kí ó tó máa ṣeré.

Ibi tí wàhálà wà ni àwọn géèmù Windows tí a ṣe láàárín ọdún 1995 sí nǹkan bí ọdún 2008. Wọ́n ti tuntun jù fún DOSBox, wọ́n sì ti gbó jù fún Windows 11. Òmíràn wà nínú wọn tí géèmù náà fúnra rẹ̀ jẹ́ oníbíìtì 32, tí ì bá sì ṣiṣẹ́ láìsí ìyọnu, ṣùgbọ́n tí ètò tí a fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan péré, jẹ́ oníbíìtì 16, tí Windows tuntun kò sì gbà kí ó ṣí. Ẹ ti rí ìṣòro yìí tẹ́lẹ̀, ẹ sì ti fi ohun tó ń rọ́pò díẹ̀ lára àwọn ètò InstallShield àtijọ́ sínú Windows oníbíìtì 64. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò kárí gbogbo wọn. Òmíràn ń lo àwọ̀ 256 péré lójú kan nípasẹ̀ DirectDraw, ọ̀nà tí géèmù ń gbà ya àwòrán lórí Windows, tí àwọ̀ inú rẹ̀ á wá dàrú, tí omi á pupa, tí koríko á di àlùkò, nítorí pé Windows 7 àti àwọn ètò mìíràn tó ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń gba àtẹ àwọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ti kọ àwọn fáìlì kéékèèké tó ń dúró láàárín géèmù àti Windows láti yanjú èyí, bíi cnc-ddraw àti dgVoodoo, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀, ìta ni ó dúró sí tí ó ń fọgbọ́n wòye ohun tó ń lọ nínú ilé. Ìgbà mìíràn ó ṣe é, ìgbà mìíràn kò ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ SafeDisc, títì tí wọ́n fi ń dá àwọn tó ń da CD géèmù kọ lẹ́kun, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín jù. Ní ìparí àwọn ọdún 1990 ni SafeDisc jáde, ilé-iṣẹ́ Macrovision ló sì wá ń tà á fún àwọn tó ń ṣe géèmù. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọn á mọ̀ọ́mọ̀ tẹ apá kan CD lọ́nà tí ẹ̀rọ tó ń da CD kọ kò fi ní lè dà á kọ bó ṣe wà. Wọn á wá fi ọ̀nà àṣírí ti fáìlì géèmù náà pa, kí ó má ṣe ṣí àyàfi bí driver kan (ètò kékeré tó ń bá Windows darí ẹ̀rọ) tí a ń pè ní secdrv.sys bá yẹ CD náà wò tó sì rí àmì yẹn lára rẹ̀. Driver yìí kì í ṣiṣẹ́ lójúde bí àwọn ètò yòókù. Inú lọ́hùn-ún Windows ni ó ń gbé, níbi tí ẹni tó bá ráyè débẹ̀ ti lè fi kọ̀ǹpútà náà ṣe ohun tó bá wù ú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó o mọ́ Windows XP. Ní ọdún 2007, a rí àlàfo kan nínú rẹ̀ tí aṣebi lè gbà di ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ẹ sì dí àlàfo náà ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Nígbà tí Windows 10 jáde ní oṣù Keje ọdún 2015, ẹ ti yọ driver náà kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ẹ fi àtúnṣe kan mú un dákẹ́ lórí Windows Vista, Windows 7 àti Windows 8.

Mo fara mọ́ ìpinnu yẹn tọkàntọkàn. Kò yẹ kí a fi kọ̀ǹpútà gbogbo ayé wéwu nítorí géèmù. Ohun tí n kò fara mọ́ ni pé ẹ dúró síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù tí SafeDisc ń ṣọ́, ẹ̀yin lẹ ṣe é tàbí lẹ tà á. Flight Simulator 2004, tó jáde ní ọdún 2003 láti fi ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn ọmọ Wright kọ́kọ́ gbéra, wà lára wọn. Ẹni tó ra á nígbà náà ṣì ní CD mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní àpótí rẹ̀, ó ní ìwé ìlànà rẹ̀, kò sì sí ohun tó lè fi wọ́n ṣe lórí Windows 10 tàbí 11. Ẹni tó ra ayédèrú rẹ̀ nínú ọ̀rá ní ẹ̀bá ọ̀nà ń ṣeré tirẹ̀ lọ láìsí wàhálà, nítorí pé àwọn tó ṣe ayédèrú náà ti gé SafeDisc kúrò lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títì tí wọ́n fi dá olè lẹ́kun ti wá di ohun tó ń dá onílé nìkan lẹ́kun.

Kí ni onílé náà wá ń ṣe? Ó ń wá fáìlì tí a ti gé SafeDisc kúrò lára rẹ̀ kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lórí ojúlé tí kò mọ ẹni tó ni ín, ó sì ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tí nọ́ńbà báǹkì rẹ̀ wà. Mo ti bá àwọn ènìyàn nu kọ̀ǹpútà tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ti kó àìsàn bá. Nítorí ààbò lẹ ṣe yọ driver náà, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò fi ohun kankan rọ́pò rẹ̀, ẹ ti ń darí àwọn oníbàárà yín tó jẹ́ olóòótọ́ sí ibi tí kò sí ààbò rárá. Fáìlì kan ṣoṣo tí ẹ̀yin fúnra yín kọ, tí ẹ fọwọ́ sí, tí ẹ sì gbé sórí ojúlé yín fún géèmù kọ̀ọ̀kan ì bá ti tán an láti ọdún 2015.

Èmi sì mọ̀ pé ẹ lè sọ pé kò sí ẹni tó kù lọ́dọ̀ yín tó mọ inú àwọn géèmù wọ̀nyẹn. Mo gbà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ wà nínú ohun tí òṣìṣẹ́ yín, Raymond Chen, kọ ní ọdún 2012 nípa Space Cadet Pinball. Ẹni tó bá lo Windows XP ní sáíbà káfẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní ọ́fíìsì kan ní Èkó mọ géèmù yìí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí CD, a kàn ń tẹ̀ ẹ́, bọ́ọ̀lù ń sáré. Ilé-iṣẹ́ Cinematronics ló ṣe é, ó sì kọ́kọ́ bá Windows 95 rìn nínú àpò àfikún tí ẹ pè ní Plus! ní ọdún 1995. Ọ̀gbẹ́ni Chen sọ pé nígbà tí àwọn fẹ́ kó o lọ sí bíìtì 64, bọ́ọ̀lù náà bẹ̀rẹ̀ sí gba inú ohun gbogbo kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tí ó ń já bọ́ sísàlẹ̀ títí yóò fi kúrò lójú. Àwọn wo kóòdù náà, àwọn kò rí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá tí wọ́n ti kọ ọ́, níta ilé-iṣẹ́ yín ni wọ́n ti kọ ọ́, kò sí àlàyé kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yé mọ́. Iṣẹ́ mìíràn pọ̀ nílẹ̀, wọ́n sì fi géèmù náà sílẹ̀. Bí Windows Vista ṣe dé láìsí Pinball nìyẹn.

Ní ọdún 2021, olùfẹ́ géèmù kan tí ẹ kò gbà síṣẹ́, tí kò sì rí kóòdù àkọ́kọ́ rárá, tú fáìlì Pinball ti Windows XP palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ka ohun tí ẹ̀rọ ń kà, ó sì fi sùúrù kọ ọ́ padà sí èdè tí ènìyàn lè lóye. Géèmù náà ń ṣiṣẹ́ báyìí lórí Windows oníbíìtì 64, lórí Linux, lórí Mac, kódà àwọn ènìyàn ti gbé e lọ sórí ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ gbá mú. Bọ́ọ̀lù náà kò gba inú ohunkóhun kọjá mọ́. Bí ẹnì kan bá lè ṣe èyí láìní kóòdù lọ́wọ́, ẹ ro ohun tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn yóò ṣe bí ẹ bá gbé kóòdù náà fún wọn. Ẹ tún ro àkókò tí irú iṣẹ́ ìtúpalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń gbà, àti ìbẹ̀rù tó máa ń wà lọ́kàn ẹni tó ń ṣe é pé agbẹjọ́rò lè kọ̀wé sí òun lọ́la.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Midtown Madness, nítorí pé gbogbo ìdí tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń mú wá fún pípa géèmù mọ́ ló pé sórí rẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 1999 lẹ gbé e jáde. Angel Studios ní California ló ṣe é fún yín. A lè fi ọkọ̀ sáré káàkiri ìlú Chicago bó ṣe wù wá, láìsí ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún wa, kọjá lábẹ́ Sears Tower, lórí afárá tó ń ṣí fún ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn á sì máa fò sẹ́yìn. A lè wa Volkswagen, a lè wa Ford Mustang, a sì lè wa bọ́ọ̀sì ìlú. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí ló mọ àdúgbò kan ní Chicago nípasẹ̀ géèmù yìí. Lónìí, kò sí ibi tí a ti lè rà á ní tuntun. Kì í ṣe pé ó wọ́n. Ẹ kò tà á ni.

Mo lè fojú inú wo ìdí rẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kí ẹ tó lo orúkọ àti àwòrán ọkọ̀ wọn, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í sì í wà títí láé. Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ géèmù Take-Two ra Angel Studios, ó sì di Rockstar San Diego, ìyẹn ni pé àwọn tó kọ kóòdù náà ti bọ́ sábẹ́ òrùlé ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ tún géèmù náà tà, ẹ ní láti pe gbogbo wọn jókòó, owó tí yóò wọlé kò sì ní tó owó agbẹjọ́rò. Ìdí tí mo fi ní kí a ya kóòdù sọ́tọ̀ kúrò lára géèmù nìyí. Mustang kò sí nínú kóòdù. Ohun tó wà nínú kóòdù ni bí táyà ṣe ń di ọ̀nà mú, bí ọkọ̀ ṣe ń yí danù, bí ẹ̀rọ ṣe ń ya ilé lójú. Àwòrán Mustang wà nínú fáìlì mìíràn, orí CD tí oníbàárà ti fi owó rẹ̀ rà ni fáìlì náà sì wà. Bí ẹ bá gbé kóòdù síta, ẹni tó ní CD yóò fi fáìlì CD rẹ̀ sí i, yóò sì máa ṣeré. Ẹni tí kò ní CD kò ní rí ju kóòdù lọ. Ẹ kò tí ì tà ohunkóhun tí ẹ kò láṣẹ láti tà.

Èmi kọ́ ni mo ronú kan ọ̀nà yìí. Inú ilé yín gan-an ni àpẹẹrẹ rẹ̀ wà. Doom, géèmù ìbọn yíyìn, jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, id Software tó ṣe é sì gbé kóòdù rẹ̀ síta ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Kóòdù tó ń mú ohùn jáde nínú ẹ̀dà DOS kì í ṣe tiwọn, ẹlòmíràn ló ni ín. Wọn kò tìtorí ìyẹn ti gbogbo ilẹ̀kùn. Wọ́n yọ ọ́ sẹ́yìn, wọ́n gbé ẹ̀dà ti Linux síta dípò rẹ̀, àwọn olùfẹ́ géèmù sì kọ ti ohùn fúnra wọn. Àwọn fáìlì tó gbé àwòrán, ohùn àti ipele eré dání kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n. Láti ìgbà náà, kò sí irú ẹ̀rọ tí Doom kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, síbẹ̀ a ṣì ń tà á: ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024 ni a tún gbé Doom àti Doom II jáde pa pọ̀ fún títà. Quake tẹ̀lé e ní ọdún 1999, Quake III ní ọdún 2005. Láti ọdún 2021 tí ẹ ti ra ZeniMax, tó ni id Software, ẹ̀yin lẹ ni id Software. Ẹ lè bi àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá títú kóòdù síta ba ọjà wọn jẹ́.

Ẹ̀yin náà sì ti ṣe é rí. Ní ọdún 2004 lẹ gbé kóòdù Allegiance síta, géèmù ogun ojú òfuurufú tí ẹ ṣe ní ọdún 2000, tí ọjà rẹ̀ kò sì tà. Nígbà tó di ọdún 2017 ẹ tún un gbé jáde lábẹ́ ìwé àṣẹ MIT, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìbẹ̀rù. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kú. Ní ọdún 2022, ẹnì kan béèrè lórí Twitter pé ṣé ẹ lè gbé kóòdù 3D Movie Maker, ètò àwọn ọmọdé tí ẹ ṣe ní ọdún 1995, síta. Nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà, ẹ ti gbé e síta. Kóòdù BRender tó ń ya àwòrán inú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Argonaut ló ṣe é. A béèrè lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gbà. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 2024, MS-DOS 4.00 náà jáde. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, kóòdù géèmù Zork kìíní, ìkejì àti ìkẹta, tó di tiyín nígbà tí ẹ ra Activision, tẹ̀lé e. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó kó ìtìjú tàbí òfò bá yín. Ohun tó kù ni kí ó di ìlànà tí ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀lé, kí ó má ṣe dúró lórí oríire ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tó tọ́ ní àkókò tó tọ́.

Àwọn tó ń bá yín du ọjà pàápàá ti ń gbé ìgbésẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Electronic Arts gbé kóòdù mẹ́rin nínú àwọn géèmù Command & Conquer síta pẹ̀lú ìwé àṣẹ GPL, tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó kí ó sì tún un ṣe, tó fi mọ́ Generals ti ọdún 2003 àti àfikún rẹ̀, Zero Hour. Kò pẹ́ tí àwọn olùfẹ́ eré náà ti bẹ̀rẹ̀ sí fọ àṣìṣe tó ti wà nínú Generals láti ogún ọdún ó lé kúrò.

Ìdí tí n kò fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ ni pé kóòdù a máa sọnù. Icewind Dale II jáde ní ọdún 2002. Nígbà tí Beamdog, tó ti tún àwọn géèmù mìíràn láti ìdílé rẹ̀ ṣe, fẹ́ tún òun náà ṣe, wọ́n sọ pé kóòdù rẹ̀ kò sí níbi kankan tí àwọn wá a dé. Géèmù tí ilé-iṣẹ́ ńlá tà, tí kò tó ogún ọdún! Jordan Mechner rò pé kóòdù Prince of Persia tí òun kọ fún Apple II ní ọdún 1989 ti sọnù, títí di ọdún 2012 tí bàbá rẹ̀ rí àpótí kan nínú yàrá ìkẹ́rùsí tí díìsìkì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní láti wá àwọn tó mọ ẹ̀rọ àtijọ́ láti bá a fa kóòdù náà yọ kí díìsìkì tó bàjẹ́ tán, ó sì gbé e sórí GitHub, ojúlé tí a ń kó kóòdù sí, fún gbogbo ayé. Díìsìkì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Téèpù tó wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí yín, àti àwọn ẹnjiníà tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ọdún 1998, tí wọ́n ti ń lọ sí ìsinmi ìfẹ̀yìntì báyìí, kò ní dúró de yín.

Ẹ lè béèrè ohun tó kan ẹni tó ń kọ̀wé láti ilẹ̀ Yorùbá nínú èyí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọmọ wa ń lò ni tòkunbọ̀, tí ilé-iṣẹ́ kan ní London tàbí Texas ti lò kó tó dé Computer Village ní Ikẹjà. Kò ní káàdì àwòrán tó lè gbé géèmù tí ẹ ń ṣe lónìí. Géèmù tuntun kan lè tó ọgọ́rùn-ún gígábáìtì, dátà tí a óò fi wà á sílẹ̀ á sì ju owó oúnjẹ oṣù kan lọ nínú ilé mìíràn. Dọ́là ni iye rẹ̀ fi ń rìn, gbogbo wa la sì mọ ibi tí náírà wà. Midtown Madness wọ inú CD kan péré. Géèmù ọdún 1999 ni ìwọ̀n ẹ̀rọ wa, ìwọ̀n iná wa àti ìwọ̀n dátà wa. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ tí ẹ̀yin kò tí ì kà mọ́ oníbàárà yóò mọ orúkọ yín fún rere.

Ohun kan tún wà tó jẹ mí lógún ju eré lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ifẹ̀, ní Ìbàdàn àti ní Àkókà máa ń kẹ́kọ̀ọ́ láti inú àpẹẹrẹ kéékèèké inú ìwé. Kò wọ́pọ̀ kí wọ́n rí iṣẹ́ gidi tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà ṣe, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n àti gbogbo àbùkù tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá jókòó ti kóòdù Doom fún oṣù mẹ́ta yóò kọ́ ohun tí kíláàsì kò lè fi kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe pín ilé àti ògiri sí wẹ́wẹ́ kí ẹ̀rọ aláìlágbára lè tètè mọ èyí tí yóò yà ṣáájú, bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ìṣirò tó ń fa ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ní ọdún 2019 lẹ dá ibùdó àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Èkó, kí ẹ tó tì í pa ní ọdún 2024. Àwọn ọmọ tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ń wá ni àwọn tó bá ti fi irú kóòdù báyìí dán ara wọn wò.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ yan ènìyàn díẹ̀ tí iṣẹ́ wọn yóò jẹ́ láti lọ wá kóòdù gbogbo géèmù tí ẹ ṣe tàbí tí ẹ tà kí ọdún 2010 tó dé, yálà ó ti ọ̀dọ̀ yín wá tàbí ó bá ZeniMax àti Activision wọlé, kí wọ́n sì dà á kọ síbi tí kò ti ní bàjẹ́, kódà kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ máa fi ṣe. Èyí tí ẹ kò bá tà mọ́, tí kò sì sí nínú ètò yín láti tà á padà, kí ẹ yọ ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn kúrò nínú kóòdù rẹ̀ bí id Software ti ṣe, kí ẹ sì gbé ìyókù sórí GitHub, tó ti jẹ́ tiyín láti ọdún 2018. Kò dandan kí ó ṣeé lò lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e jáde. Ẹ fi àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìbínú àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀ bó bá wà. Àwọn tó máa tún un ṣe kò ní kùn sí yín.

Fún àwọn géèmù tó jẹ́ ti SafeDisc, tí kóòdù wọn bá ti sọnù tàbí tí àwọn tó ni ín pẹ̀lú yín kò gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní fáìlì tí kò béèrè CD mọ́, pẹ̀lú ìbuwọ́lù yín lórí rẹ̀. Flight Simulator 2004 ni mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ̀yin náà lẹ sì yọ driver tó ń ṣí i. Bí ẹ bá sì rí kóòdù Pinball níbì kan, bó ti wù kí ó wà, àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe tán láti bá yín wá bọ́ọ̀lù náà kàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan láti ilẹ̀ Yorùbá.